Pọ́ǹpù Epo Ọkọ̀ Akọ̀wé

Ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá ló wà ní ìlà àwọn mẹkáníìkì lẹ́yìn ilé epo. Mẹ́wàá nínú wọn ló ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn láti bi ọkọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é. Ìkọkànlá, èyí tó wà ní ìpẹ̀kun, ni ti Fetísílẹ̀. Òun ò ní kọ̀ǹpútà. Igi gbọọrọ kan ló ní, tó gùn tó apá. Á fi orí kan ti ẹ́ńjìnnì, á fi orí kejì ti egungun ẹ̀yìn etí rẹ̀, á wá dijú bí ẹni ń gbàdúrà. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Wọ́n ní ó máa ń gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ ṣe lọ́la. Ẹni tó bá fẹ́ ló lè gba ìyẹn gbọ́. Ohun tó dájú ni pé kì í sábà ṣì í.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta nídìí iṣẹ́ náà. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó máa ń fi sípánà kan èèyàn lórí, ó gba òmìnira, ó gba ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ ìyàwó, ó bí ọmọ méjì. Àkọ́bí wà ní ìlú òkèèrè. Ìyàwó lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun, ó ní oṣù mẹ́ta péré lòun máa lò. Ọmọ tuntun náà ti ń dá bàtà wọ̀ lọ sílé ìwé báyìí, ìyá àgbà ò tíì padà. Kò sí ìjà láàárín wọn. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ṣé ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹun." "Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" "Kò rọ̀." Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan òjò, ó ti tán nìyẹn. Ọmọ kejì kì í fọhùn. Ó máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ lọ́dún, lọ́jọ́ ìbí bàbá rẹ̀, nígbà míì lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

Àwọn oníbàárà náà ti lọ. Ọkọ̀ àtijọ́ tí pọ́ǹpù epo rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń tì kó lè fa epo, láìsí wáyà kankan, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú títì. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tó ń wá sọ́dọ̀ Fetísílẹ̀ déédéé: ti Akọ̀wé.

Akọ̀wé kóòtù ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbé ọkọ̀ wá, ì báà bàjẹ́, ì báà má bàjẹ́. Á jókòó sórí àga kan tí wọ́n tú jáde lára ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á ṣí ìwé ìròyìn, á máa kà á sókè, nítorí Fetísílẹ̀ ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Ohùn tó fi ń ka ìdájọ́ ní kóòtù ló fi ń kà á, títí dórí ìkéde ilé títà.

"Wọ́n ní àwọn máa tún ọ̀nà yìí ṣe kí ọdún tó parí," Akọ̀wé á kà.

"Ọdún wo?" Fetísílẹ̀ á béèrè láti abẹ́ ọkọ̀.

"Wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀."

"Mo ní mo gbọ́ irọ́ níbì kan. Mo ti rò pé ẹ́ńjìnnì ni."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Akọ̀wé ní ọmọbìnrin kan, nọ́ọ̀sì ni, ibi tó ń gbé sì tó ìrìn wákàtí mẹ́jọ. Ó ti ń bẹ bàbá rẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Èsì bàbá ò yí padà: "Ibi tí ọkọ̀ mi ò bá lè dé, èmi náà ò dé ibẹ̀." Gbogbo ìlà mẹkáníìkì ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fetísílẹ̀ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni òpó tó gbé ilé ró.

Àfi bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ kan tí Akọ̀wé dé láìmú ìwé ìròyìn dání.

"Mo ti gbà," ó wí. "Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni mo máa gbéra. Mo ti di ẹrù. Àmọ́ ọkọ̀ ń jò lábẹ́, ó sì máa ń kú tí mo bá ń gun òkè. Bá mi wò ó. Tó bá lè lọ, mo lọ. Tí kò bá lè lọ, o mọ̀ mí, mi ò ní í wọ bọ́ọ̀sì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbà?"

"Àbí kí n fi òǹtẹ̀ lù ú fún ẹ?"

Fetísílẹ̀ nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Àìsàn náà ò le. Awọ rọ́bà inú pọ́ǹpù, èyí tó ń sún sókè sódò láti fa epo, ti ya. Ó yọ túùbù epo méjèèjì, ó fi igi kékeré dí ẹnu èyí tó wá láti inú táǹkì, ó tú bóòtù méjì, ó yọ pọ́ǹpù, ó pààrọ̀ awọ. Ó wá fi abẹ rọra ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, bébà tó ń dí àárín irin méjì kí epo má jò, kúrò lójú irin títí ibẹ̀ fi ń dán. Gbogbo ìyẹn rọrùn. Ibi dídá a padà ni iṣẹ́ wà.

Pọ́ǹpù náà ní apá irin kan tó tẹ̀ bí ìka. Apá yìí máa gba ihò kan wọ inú ẹ́ńjìnnì, níbi tí irin roboto kan tó yọ ikùn lápá kan ti ń yí. Gbogbo ìgbà tí ikùn náà bá yí dé ọ̀dọ̀ apá, á tì í, epo á sún. Ẹni tó bá fẹ́ dá pọ́ǹpù padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ síwájú ẹ́ńjìnnì, kó fi sípánà yí i títí ikùn yẹn á fi kẹ̀yìn sí ihò. Apá á wá wọlé jẹ́jẹ́, á jókòó síbi tó yẹ. Bí ikùn bá kọjú sí ihò, bóòtù ò ní fẹ́ mú. Bí èèyàn bá sì fi ipá mú un, apá lè yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ irin yẹn. Ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n apá náà ò ní pẹ́ kán.

Iwájú ẹ́ńjìnnì sì jìnnà sí ihò ju ibi tí ọwọ́ èèyàn kan lè dé lọ. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣì kún, ẹnì kan á máa yí i, Fetísílẹ̀ á ki ìka bọ ihò, á máa pariwo, "Sí i, sí i, dúró!" Ní báyìí tó ku òun nìkan, á yí i díẹ̀, á rìn yípo lọ fọwọ́ kàn án, á tún padà lọ yí i. Ó lè rìn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló rìn ín. Nígbà tó gbé pọ́ǹpù sí i, bóòtù kejì kọ̀. Ó mọ̀ pé ó kọ̀. Ó fi agbára fà á títí ó fi mú. Bóyá ìkánjú ni, bóyá àárẹ̀ ni, bóyá nǹkan míì ni: bí wọ́n bá fà á dé iwájú adájọ́, òun fúnra rẹ̀ ò ní lè búra.

Ó ní kí Akọ̀wé wọ inú ọkọ̀ kó ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì jí. Kò jò mọ́. Ó ń kùn bí ológbò tó yó.

"Fetísílẹ̀!" Akọ̀wé kígbe láti ojú fèrèsé. "Ọwọ́ ẹ ò ní í rọ!"

Fetísílẹ̀ mú igi rẹ̀, ó fi ti etí. Ó gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, lábẹ́ gbogbo ìró yòókù: kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì. Apá ti gba ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ náà máa rin wákàtí kan, bó pẹ́ tán, méjì, kó tó kú sójú ọ̀nà. Kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo ìlà yẹn tó lè gbọ́ ohùn náà.

Ó gbé igi sílẹ̀. Tí òun bá dákẹ́, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ náà padà wá, Ọjọ́bọ̀ á sì máa jẹ́ Ọjọ́bọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà dá wà lẹ́bàá títì, nínú oòrùn? Rárá, òun ò burú tó ìyẹn. Irọ́ kan wà tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ pa á," ó wí. Akọ̀wé pa á. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní tàn yín." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ pé òun fẹ́ tàn án. "Ọkọ̀ yìí ò lè rin wákàtí mẹ́jọ. Àárín ìlú níbí, kò séwu. Àmọ́ ọ̀nà yẹn, kò lè dé ibẹ̀. Ó ti dàgbà."

Ó ń retí kí Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín, kó ní ọmọ yẹn ò rí òun mú. Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Tóò." Ó yọ fóònù, ó ń wá nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Ibi tí kò fẹ́ ni ìka rẹ̀ ń tẹ̀. "Ó mà ti kun yàrá dè mí," ó wí, bí ẹni pé fóònù ló ń bá sọ̀rọ̀. "Mi ò sọ fún ẹ, àbúrò. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi òun. Mo ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá. Aago méje àárọ̀ ni. Mi ò lè dìde. Mo pe àwọn ará ilé kejì títí ohùn mi fi há. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó wọ́ dé ẹnu ọ̀nà."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́bọ̀ tí mo ní mo lọ sí báńkì."

Fetísílẹ̀ rántí Ọjọ́bọ̀ náà. Ó bínú lọ́jọ́ yẹn pé Akọ̀wé ò wá, ó tiẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò wá sí i lọ́kàn pé kóun lọ yà wò ó.

"Ẹ ò ṣe kúkú wọ bọ́ọ̀sì?" ó wí.

"Kí n fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀, kí n wá máa wo kí ni lọ́hùn-ún láràárọ̀? Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn? Kò burú. Mo máa dúró síbí."

"Ẹ má pè é."

"Ẹ̀n?"

"Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀. Èmi ni mo fi pọ́ǹpù sí òdì. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń dún, mo sì panu mọ́."

Akọ̀wé ti fóònù bọ àpò. "Ẹlẹ́rìí ti yí ohùn padà," ó wí. "Kí ló dé tó o fi parọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè."

"Ta ló máa ka ìwé ìròyìn fún mi?"

Akọ̀wé dìde. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù sókè dé ìgúnpá. "Sípánà wo ni?"

Fetísílẹ̀ tú pọ́ǹpù kúrò. Ó fi sípánà kọ́ bóòtù iwájú fún Akọ̀wé, òun wá ki ìka bọ ihò.

"Ẹ máa yí i. Sí i. Sí i."

"Ilé-ẹjọ́ fẹ́ mọ̀: sí i tó báwo?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, kì í ṣe ẹjọ́. Ẹ rọra. Sí i. Dúró! Ẹ ti kọjá ẹ̀. Ẹ má fà á padà o, ọ̀nà kan náà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbà yípo."

"Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin lo ní kó yípo."

"Sípánà ló ń yípo. Ẹ̀yin ẹ dúró sójú kan, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀."

"Mo lo ọgbọ̀n ọdún ní kóòtù láìsọ̀rọ̀. O ò lè fìyẹn halẹ̀ mọ́ mi."

Lẹ́ẹ̀kejì, Fetísílẹ̀ mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ikùn irin náà rọra fi ìka rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kó dúró. Ó gbé pọ́ǹpù sí i, apá wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lára, bóòtù méjèèjì sì fi ìka lásán wọlé kó tó fi sípánà dè wọ́n. Wọ́n ṣáná sí i. Ó fi igi ti etí, ó pẹ́ níbẹ̀. Ká sòótọ́, ó ń wá àléébù kan, ọ̀kan péré, èyí tó máa gbà tó ọ̀sẹ̀ kan láti tún ṣe. Kò rí i. Ó na igi sí Akọ̀wé, òun náà fi ti etí.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, Akọ̀wé yà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò pa ẹ́ńjìnnì, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé òrùlé.

"Màá máa pè ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀," ó wí. "Màá máa kà á fún ẹ lórí fóònù."

"Ẹ kọ́kọ́ dé ná."

Fetísílẹ̀ mọ ohun tí fóònù ń fi ọ̀rọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ó juwọ́. Ó fetí sí ẹ́ńjìnnì náà títí ó fi yí kọ́nà, títí ìró àwọn ọkọ̀ yòókù fi bò ó.

Kò fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Kò kúkú síṣẹ́. Ó gbé fóònù lé orúnkún. Ẹ̀rù ń bà á pé ó lè dún kí ọjọ́ tó rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni apá kan ọkàn rẹ̀, tí kò fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀, ń fẹ́ kó dún. Kò dún àfi nígbà tó kọjá aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin Akọ̀wé ni.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́ sà. Bàbá ti dé o. Wọ́n ti sùn, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ọkọ̀ ò kú lẹ́ẹ̀kan, kódà lórí òkè."

"Ṣé ó ń dún?"

"Kí ló ń dún, sà?"

"Rárá, kò sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn."

"Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀yin náà, ẹ máa tọ́jú ara yín o."

"Mo gbọ́," Fetísílẹ̀ wí. Ó fẹ́ béèrè bóyá nǹkan kan wà ní balùwẹ̀ ibẹ̀ tí èèyàn lè dì mú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, á ti ṣètò ìyẹn. Ó tún rántí pé òun ò béèrè irú àwọ̀ tó fi kun yàrá. Nígbà tó máa fi la ẹnu, ọmọbìnrin náà ti pa fóònù. Ó ṣì gbé tirẹ̀ sétí fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé e sílẹ̀.