Àwọn Òkú Abẹ́ Ilẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Atlanta níbí, torí ó ti wúwo jù fún mi láti dá gbé.

Ọ̀dọ̀ mi ní Snellville ni Daddy mi ń gbé. Kídìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ sí dialysis tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní Decatur. Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan wà lọ́nà ibẹ̀ tí wọ́n kọ́ bíi ti England àtijọ́. Tá a bá ti débẹ̀, tíṣà inú Daddy á jí! Wọ́n á ní ayédèrú nìyẹn, àwọn ti rí ojúlówó.

Nígbà tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní England, ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tí wọ́n gbé ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún. Ògiri rẹ̀ nípọn gan-an. Òkè ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó kọ́ ọ ló wá fi fèrèsé olórí ṣóńṣó sí i. Àwòrán ìdájọ́ ìkẹyìn wà lára ògiri, àmọ́ nígbà tí ọba wọn bá póòpù jà, wọ́n fi ẹfun kùn ún pa. Ṣé ẹ rí i pé ìjà ṣọ́ọ̀ṣì ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ilẹ̀ ibẹ̀ ló ba Daddy nínú jẹ́. Wọ́n ń kọrin lọ́jọ́ kan, wọ́n wolẹ̀, orí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ òkú sí ni wọ́n dúró sí. Àlùfáà, àgbẹ̀ olówó, ìyàwó wọn, inú ilé àdúrà ni wọ́n sin gbogbo wọn sí.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Bàbá tó bí Daddy ti sọ pé inú yàrá àwọn ni kí wọ́n sin àwọn sí, bí wọ́n ṣe sin àwọn baba wọn. Daddy, tí wọn ò tíì lọ England, tí wọ́n jẹ́ tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, fárígá. Wọ́n ní ìwà kèfèrí ni, wolé-wolé á sì mú wọn. Ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni pósí náà wọlẹ̀ sí.

"Àwọn tó sọ fún wa pé ìwà kèfèrí ni, you see, abẹ́ pẹpẹ ni wọ́n ń sin tiwọn sí." Bí Daddy ṣe máa ń sọ ọ́ nínú mọ́tò nìyẹn.

Nígbà tí àìsàn le, wọ́n mú mi búra pé mi ò ní gbé òkú àwọn lọ sílé ní Ìlá. Ẹ̀gbẹ́ ibojì bàbá wọn ni ẹbí fi àyè sílẹ̀ sí fún wọn, àmọ́ Daddy ní ojú wo làwọn fẹ́ fi wo bàbá àwọn? Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Stockbridge, ní Georgia níbí, la sin wọ́n sí. Kò sí ẹnì kankan láti ilé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Aunty, àbúrò Daddy tó wà ní Ìlá, pè mí tìbínú-tìbínú pé kí ló dé tí mo sin ẹ̀gbọ́n àwọn sílẹ̀ àjèjì. Mo bá tú gbogbo ẹ̀ fún wọn. Aunty ní:

"Ìtẹ́ òkú wo? Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ la tẹ́ sínú pósí yẹn, a ti kàn án pa kí Bùrọ̀dá, Daddy rẹ, tó dé. Inú yàrá Bàbá la sin wọ́n sí. Ta ló fẹ́ sọ fún Bùrọ̀dá? Wọ́n á fẹjọ́ wa sun àlùfáà. Nígbà tó yá, a rò pé wọ́n ti gbàgbé."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gáréèjì ilé mi, mo sunkún bí ọmọdé. Gbogbo ọdún tí Daddy fi jẹ ara wọn níyà, ibi tó wu bàbá wọn ni wọ́n sùn sí!

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá mọ òótọ́ tó lè tu àgbàlagbà lára, ẹ sọ ọ́ nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́.

Aunty ní àyè ṣì wà nínú yàrá náà, kí n gbé Daddy wá. Ìbúra tí Daddy mú mi ṣe lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ṣé ó ṣì dè mí? Ta ló ti hú òkú nínú ilẹ̀ Georgia rí nínú yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi.