Ọjọ́ Tí Wọ́n Gé Apá Bàbá Àgbà

Bí eruku pákó bá ti wọ̀ mí nímú níbi iṣẹ́, Àrẹ̀mọ, àdúgbò tí mo gbé dàgbà, ni ọkàn mi ń lọ. Mo máa ń fi sáńpépà dán ojú igi tí wọ́n gé, kí àwọn ìlà roboto inú rẹ̀ lè hàn, kí èmi àti kọ̀ǹpútà sì fi wọ́n ṣírò bí òjò ṣe rọ̀ sí láyé ọjọ́un. Ó máa ń rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, mò ń ti ilé kéú bọ̀, aládùúgbò wa kan ní, "Tètè máa lọ sílé o, wọ́n mà ti ń gé apá bàbá àgbà yín!"

Ẹkún ni mo sun délé.

Mo bá bàbá àgbà lórí àpótí, ọwọ́ wọn méjèèjì pé. Igi apá, tí wọn kì í kúrò lábẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ló wà nílẹ̀. Àwọn ẹbí fẹ́ fi àyè rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kùkùté rẹ̀ ṣì tutù, òórùn rẹ̀ sì korò lọ́fun.

"Bàbá, ṣé apá ò dùn yín?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ìka mi, wọ́n fi tọ àwọn ìlà ojú kùkùté náà. "Ibi tó fẹ̀ yìí, òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Èyí tó rí tín-ín-rín yìí, ọ̀dá ni. Gbogbo ẹ̀ ló là já." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Fà mí dìde."

Apá wọn tí mo dì mú fúyẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bàbá àgbà ò jókòó síta mọ́. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ò bá wọn láyé.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé mi ò ṣi ọ̀rọ̀ aládùúgbò wa yẹn gbọ́.