Àpá Iná Lára Mama Odessa

Ọjọ́ tí Modúpẹ́, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Glenn Dale nílùú òyìnbó, kọ́kọ́ wẹ̀ fún Mama Odessa nínú ilé rẹ̀ ní Seat Pleasant, ó rí àpá wínníwínní tó kún apá ìyá arúgbó náà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

"Mama, kí ló jó yín báyìí?"

"Iná wẹ́dà ni. Mo jó irin nígbà ogun Hitler."

Modúpẹ́ rò pé ogbó ló ń sọ̀rọ̀, àmọ́ òótọ́ ni. Nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, Laverne, ẹ̀gbọ́n Odessa lóbìnrin, ló mú un lọ sí Baltimore, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Odessa kò tíì pé ogún ọdún. Inú ikùn ọkọ̀ tó gbóná bí ààrò ló ti ń jó irin pọ̀. Ní ti Laverne, òwú funfun kan tí wọ́n ń pè ní asbestos ló ń wé mọ́ páìpù kí ooru má baà jáde. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, eruku òwú yẹn á ti bo irun rẹ̀. Odessa á máa gbọ̀n ọ́n dànù, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Ogun parí, wọ́n ní kí àwọn obìnrin máa lọ. Kò síbi tí Odessa ò wá iṣẹ́ wẹ́dà dé; iṣẹ́ ọkùnrin ni, wọ́n wí. Ilé onílé ló ń gbá tó sì ń nù títí ó fi darúgbó. Ìgbà tó yá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà Laverne láàmú. Dókítà ní eruku òwú ọjọ́sí ló ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ Odessa ló kú sí.

"Mo máa ń gbọ̀n ọ́n kúrò lórí rẹ̀," ó sọ fún Modúpẹ́. "Mo rò pé mo ti gbọ̀n ọ́n tán."

Modúpẹ́ rọra ń fi ìpara pa á lápá.

Ní Sátidé kan, Odessa ní kó gbé òun lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ní Baltimore. Nígbà tí wọ́n dé etí omi, ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá ni wọ́n bá níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, tírélà ń wọlé, tírélà ń jáde.

"Ṣé kí n bá yín sọ̀kalẹ̀, Mama?"

"Rárá. Mo ti rò pé màá rí ibi tí a máa ń jókòó sí jẹun. Máa gbé mi lọ sílé."

Kí òtútù ọdún yẹn tó dé, Mama Odessa ti kú. Ẹ̀gbẹ́ Laverne ni wọ́n sin ín sí. Èèyàn díẹ̀ ló wá. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ tán, Modúpẹ́ jókòó sínú mọ́tò, ó sunkún. Aláìsàn mìíràn ń retí rẹ̀ ní Mitchellville. Ó nu ojú, ó sì wa mọ́tò lọ.