Ìgbà Tí Mo Gbé Ẹrù Lọ Sùn Létí Ọ̀sà

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Koumassi Remblais, ní Abidjan, ẹsẹ̀ mi kì í gbélé. Bí wọ́n bá rán mi ní iyọ̀, màá kọ́kọ́ rìn dé etí omi, ọbẹ̀ á sì ti jiná láìníyọ̀. Mi ò lè jókòó jẹun tán, àfi bí ẹni pé èèrà ń jẹ mí nídìí. Bàbá mi fara dà á títí ó fi sú u, ló bá ní òun yóò fi mí ránṣẹ́ sí ìyá òun ní Èjìgbò, kí n lọ kọ́ bí ọmọbìnrin ṣe ń jókòó. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Abidjan, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń já ọmọ láyà. Mi ò dé Èjìgbò rí.

Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ló bá mi bẹ̀bẹ̀. Olùkọ́ ni, ìlú Bingerville lẹ́bàá Abidjan ló ń gbé. Ó fẹ́ràn kó máa gbé àpò sẹ́yìn, kó rìn wọ igbó, kó sì sùn síbẹ̀. Àwọn ará ilé wa ní orí rẹ̀ ò pé tó. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú mi dání. Bí mo bá gbé ẹrù mi lọ, tí mo sì gbé e bọ̀ fúnra mi, kí wọ́n má mú mi lọ sí Èjìgbò mọ́. Bàbá mi gbà, torí ó dá a lójú pé mi ò ní lè ṣe é.

Ìyá mi di ẹrù fún mi bí ẹni ń lọ sílé ní Èjìgbò: ìkòkò irin, gàrí, epo, aṣọ ìbora méjì. Nígbà tí a dé Bingerville, Bàbá Kékeré tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Omi, búrẹ́dì, aṣọ kan, ça suffit, ó ti tó." Ṣùgbọ́n ojú ìyá mi ni mò ń rò. Bó ṣe wọlé báyìí, mo yọ́ kẹ́lẹ́ ti ìkòkò náà padà sísàlẹ̀ àpò. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa lọ, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí la fi ń gbé ẹrù nílé wa. Mo gbé àpò náà sórí, ẹ̀ka igi gbá a bọ́. Mo gbé e sẹ́yìn, ó ń fà mí lulẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń béèrè bóyá a ti dé. Ìgbà tí a fi máa dé etí ọ̀sà, oòrùn ti ń wọ̀. Bàbá arúgbó tó ni ilẹ̀ náà yọ̀ǹda àyè fún wa, a jẹ búrẹ́dì, a sì sùn. Òwúrọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ìkùukùu bo omi, ọkọ̀ apẹja kan gba inú rẹ̀ kọjá láìdún. Mo jókòó. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n jókòó. Inú mi dùn débi pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí.

Nígbà tí à ń bọ̀, mi ò lè gbé e mọ́. Bàbá Kékeré gba àpò mi, ó gbé e sáyà, tirẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó gbọ́ ìró ìkòkò, ó sì ń rìn lọ. A wọ gbaka, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, wálé. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé ilé, ó fi àpò náà kọ́ mi léjìká, ó sì gbójú síbòmíràn.

Bàbá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ìwọ lo gbé e lọ, tó o tún gbé e bọ̀?"

"Mo gbé e lọ, Bàbá. Bàbá Kékeré ló gbé e bọ̀."

Mo ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní kí n wá sọ ohun tí mo rí fún òun. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń sọ, oúnjẹ dé, mo ń jẹ, mo ń sọ. Ìgbà tí mo fi máa parí, àwọn àbúrò mi ti sùn. Bàbá mi yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ó mà jókòó." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Èjìgbò parí sí.

Lónìí, ilé ti bo ibi tí a sùn. Abobo ni mò ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Wọ́n mọ̀ ọ́n jókòó, láti àárọ̀ dalẹ́, fóònù lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó máa tìtorí ìyẹn rán wọn lọ síbì kankan. Èmi àgbàlagbà yìí ni ẹsẹ̀ ń yún. Lánàá mo pe àgbà wọn, mo ní kó wá sọ ohun tó rí lọ́jọ́ náà fún mi.

Ó ní òun ò rí nǹkan kan: "Rien, Mémé."