Ilẹ̀kùn Àsálà

Kò sí ìdílé kan ní agbègbè Atakpamé tí kò ní jagunjagun. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a ń sọ èdè Ifẹ̀, yóò sọ fún yín pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni baba ńlá òun ti wá, pé tidàtidà ló rìn dé, àti pé nígbà tí ogun Dàhòmì kó wọlé, òun gan-an ló lé wọn padà. Bàbá mi a máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí níbi òkú àti níbi ìgbéyàwó, kì í bá wọn jiyàn. Ó di ìgbà tí a bá ń bọ̀ nílé kó tó bi wá pé, "Bí gbogbo baba wa bá ṣẹ́gun, ta wá ló sá gun orí òkè wọ̀nyí?"

Nílé tiwa, ní abúlé kan lẹ́bàá Akparé, a kì í pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Baba ńlá wa sá. Ogun dé ní ìyálẹ̀ta, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi, àwọn tó dúró kú tàbí kí wọ́n dẹrú, àwọn tiwa sì gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sígbó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kì í sọ pé "a sá". Wọ́n á ní, "Àsálà ló gbé wa." Lójú tiwọn, Àsálà kì í ṣe ohun téèyàn ń ṣe. Èèyàn ni òun fúnra rẹ̀. Obìnrin ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀, kì í wo ẹ̀yìn. Ó pọn ọmọ kan, ó fa méjì lọ́wọ́, ẹni tó bá sì rí etí ìró rẹ̀ dì mú ló yè. Ogun lórin, Ìṣẹ́gun lórin, kò sẹ́ni tó ń kọrin fún Àsálà, bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí òun, kò ní sí ẹni tí yóò kọ orin àwọn méjì yòókù. Ọ̀rọ̀ bàbá mi nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

Nítorí rẹ̀ ni gbogbo ilé ìdílé wa ṣe ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. A kì í tì í, a kì í sì í gbé nǹkan dí i. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbé agbọ̀n àgbàdo kan síbẹ̀, ìyá bàbá mi sì kígbe mọ́ mi bí ẹni tó rí ejò. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kó kọsẹ̀ ni?" Lọ́dún kan, olè gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé, ó jí ewúrẹ́ wa lọ. Àwọn ará àdúgbò ní kí bàbá mi wá ra àgádágodo wàyí. Ó dá wọn lóhùn pé ewúrẹ́ kan ni olè gbé, ogun ì bá gbé gbogbo wa.

Èmi kàwé, mo ṣe ìrìbọmi, mo di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Atakpamé, mo sì fẹ́ ọkọ tó dáa tó sì lágídí. Ìdílé jagunjagun ni tirẹ̀. Oríkì wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èèyàn ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, díẹ̀díẹ̀ ló fi owó oṣù kọ́ ilé wa, ilẹ̀ ibẹ̀ sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri ilé ìdáná wa fi jẹ́ ògiri àgbàlá aládùúgbò wa. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, onírin, tó kọjú sí òpópó. Ọkọ mi fẹ́ràn ilẹ̀kùn yẹn bí àkọ́bí.

Àìsàn àtọ̀gbẹ ló mú kí bàbá mi ní egbò lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa wá sí ọsibítù ní Atakpamé ní ọjọ́ méjì méjì kí wọ́n lè máa wẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ bí òjò bá rọ̀, zémi, ìyẹn ọ̀kadà tó ń gbé èèyàn, kì í rí ọ̀nà abúlé wa gbà. Kò sí ohun méjì ju kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Mo tẹ́ ibùsùn, mo ra aṣọ ìbora tuntun. Bàbá dé, ó wo pálọ̀, ó wo yàrá, ó wọ ilé ìdáná, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ jókòó síta.

Ó ní, "Ilé yìí dára. Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn síbẹ̀."

Ọkọ mi bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Kò lẹ́yìn. Ibo ni Àsálà yóò gbà?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá mi ti gun zémi padà sí abúlé.

Nígbà tí mo lọ wò ó ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òórùn egbò náà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tí mo lọ bá kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní bí a bá ń fi ṣeré, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún, ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ sì lè má jí lórí tábìlì. Inú bí mi. Inú bí mi sí bàbá mi, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà tó ń ro ti obìnrin tí kò sẹ́ni tó rí i rí. Inú bí mi sí ọkọ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ògiri lásán ni ògiri.

Mo sọ fún un pé kí a lu ilẹ̀kùn sí ilé ìdáná.

Ó ní, "Ní ìran tiwa, a kì í sá."

"Ta ló ní kí o sá? Ògiri ni mo ní kí o lu."

"Ó dáa. Bí obìnrin ẹlẹ́ja yẹn bá gbà, mo gbà."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Àgbàlá obìnrin náà ni ilẹ̀kùn yóò ṣí sí. Ẹja láti adágún Nangbéto ló máa ń yan tà, èéfín rẹ̀ sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa débi pé ọkọ mi ti fẹjọ́ rẹ̀ sun olóyè àdúgbò. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé, àfi kí ẹnì kan máa wo òkè.

Mo lọ. Obìnrin náà dàgbà jù mí lọ, ọmọ ẹ̀yà Ewé ni, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Daví, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní èdè wọn. Ó ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́. Mo kí i, mo kúnlẹ̀, mo ní a fẹ́ lu ilẹ̀kùn sí àgbàlá rẹ̀.

"Kí ẹ máa bá ibẹ̀ wá ṣe kí ni, Mètrẹ́ẹ̀sì?" Bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí nítorí pé mo jẹ́ olùkọ́.

Ojú tì mí, àmọ́ kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní, "Kí ẹnì kan lè rí ibi sá gbà ni."

"Ta ni?"

Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, egbò, Dàhòmì, Àsálà, láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo ń retí kó bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ṣé ó máa ń ru ẹrù, Àsálà yín yẹn?"

"Rárá o. Ọmọ nìkan ló ń gbé."

Ó mi orí. Ó ní nígbà tí wọ́n dí odò ní Nangbéto tí omi fẹ́ bo abúlé tiwọn, òun kéré. Wọ́n ti sọ fún wọn ṣáájú, wọ́n rí àyè kó ìkòkò, kó páànù, àní kó ilẹ̀kùn pàápàá. "A kò sá, a kó kúrò ni. Síbẹ̀, títí ìyá mi fi kú, kò lè sùn níbi tí kò bá ti rí ọ̀nà." Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀. "Mo gbà. Àmọ́ ilẹ̀kùn tó bá ṣí sọ́dọ̀ mi ṣí sọ́dọ̀ yín. Èmi náà á máa wọlé. Kí ọkọ rẹ má sì pe olóyè sí mi nítorí èéfín mọ́."

Mo jíṣẹ́ rẹ̀ fún ọkọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló pe bíríkìlà, òun ló dúró tì í nínú eruku. Ohun kan péré ló fi ti ara rẹ̀ kún un, irin kékeré kan tí a lè fi ti ilẹ̀kùn náà láti inú, nítorí olè. Nígbà tí bàbá mi dé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó tún ṣí i, ó kí Daví, ó wá yíjú sí ọkọ mi.

"O ṣeun, àna mi. Irin yìí ńkọ́?"

"Nítorí olè ni, Bàbá."

"Ó dáa."

Lójoojúmọ́, bí a bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, bàbá mi á fa irin náà kúrò. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ọkọ mi dé, á tì í padà. Mo mọ̀, mo bu omi sẹ́nu. Egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu dé. Daví ń wọlé, ó ń gbé ọbẹ̀ ata wá, àwọn méjèèjì á jókòó sí ilé ìdáná máa fi èdè Ewé sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú. Èéfín pa kọ́tìnì mi dà. Ọkọ mi ń sín, ó ń kùn, kò sì pe olóyè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo wà níwájú pátákó ní kíláàsì nígbà tí ọlọ́kadà kan dé pé kí n máa bọ̀ ní ọsibítù. Bàbá mi ló lo oògùn rẹ̀ láìjẹun. Ó ń yọ́ ẹ̀kọ lórí iná nígbà tí ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀, ó ṣubú, ìkòkò sì bá a ṣubú. Daví gbọ́ ariwo náà láti ìdí ààrò. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà láìtì, ó sáré wọlé, ó bá a nílẹ̀ tí òógùn bò ó, ẹnu rẹ̀ kò ṣí mọ́. Ó gbé e. Obìnrin kan ṣoṣo gbé bàbá mi, ó pe ọlọ́kadà, ó jókòó sẹ́yìn bàbá mi, ó dì í mú sáàárín òun àti ọlọ́kadà títí dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi fi máa dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, wọ́n ti fi omi ṣúgà sí i lára, ojú rẹ̀ sì ti là. Mo ń sunkún, mi ò fi bò. Ó wò wá.

Ó ní, "Ó wá."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Ta ló wá, Bàbá?"

"Àsálà. Láti kékeré ni mo ti rò pé ṣe ló ń mú èèyàn jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó máa ń wọlé."

"Bàbá, Daví ló gbé yín wá."

Bàbá mi wò ó bí ẹni tí ọmọ ilé ìwé ń dá lóró.

"Mo mọ̀ pé Daví ni. Ta lo rò pé mò ń sọ?"

Ọkọ mi yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Daví wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, oorun ti gbé e lọ, ìpẹ́ ẹja sì ti gbẹ mọ́ ọn lápá. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi lọ bá a, kò jókòó, kò jí i. Ó dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ títí obìnrin náà fi la ojú.