Ọjọ́ Tí Bàbá Olókùúta Lé Fóònù Jáde Ní Kíláàsì

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Bàbá Olókùúta lé fóònù jáde ní kíláàsì. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń sọ pé fóònù náà bẹ̀bẹ̀ kó tó jáde. Irọ́ ni o. Gbémi wà níbẹ̀, òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síta, ẹ jẹ́ ká tọ ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣojú rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Adéọlá Fọlárìn ni orúkọ bàbá gan-an. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ wọn nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀kọ́ nípa àpáta ló sì fẹ́ràn jù. Kò sígbà tí òkúta kì í sí nínú àpò kóòtù rẹ̀, débi pé apá kan kóòtù náà ti gùn ju apá kejì lọ. Bó bá wọ kíláàsì, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Á wá dákẹ́, á dẹ etí sílẹ̀. Bí ìdáhùn wọn ò bá dún tó, á ní, "Mi ò gbọ́." Àfi kí wọ́n kí i débi tí àwọn tó wà ní ilé ìwé kejì yóò fi yọjú lójú fèrèsé, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò dáhùn, abẹ́ igi máńgòrò níta ló ń lọ dúró sí, títí inú bàbá yóò fi rọ̀.

Lẹ́yìn àrùn kòrónà ni àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ẹ̀rọ. Kí olùkọ́ ya fídíò, kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sílé rẹ̀ kó máa wò ó. Ẹ̀kọ́ tí kò bá tíì ní fídíò kí sáà tó parí, wọ́n á pa á rẹ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹ̀kọ́ àpáta ni ọ̀rọ̀ náà máa kọ́kọ́ bá, torí bàbá ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, kò sì sí olùkọ́ mìíràn tó fẹ́ kó òkúta sápò. Gbémi, tí bàbá kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí kan náà, ti di òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ya fídíò. Òun ni wọ́n rán sí bàbá. Ó dùn mọ́ ọn nínú, torí ẹ̀kọ́ yẹn ni kò jẹ́ kó sá kúrò nílé ìwé nígbà tirẹ̀, kò sì fẹ́ kó parẹ́.

Ó gbé fóònù ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nínú kíláàsì tó ṣófo. Bàbá wọlé, ó tún kóòtù ṣe, ó kọjú sí fóònù. "Ẹ káàárọ̀ o." Bàbá dẹ etí sílẹ̀. "Mi ò gbọ́." Gbémi fọwọ́ bo ẹnu kí ohùn tirẹ̀ má baà wọnú fídíò. Bàbá tún kí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró, ó wá yọ awò ojú rẹ̀, ó wo fóònù náà tìkà-tẹ̀gbin.

"Gbémi, gbé e síta."

"Sà, fóònù ni."

"Mo mọ̀ pé fóònù ni. Ṣé wọn ò kọ́ fóònù náà ní ẹ̀kọ́ ilé ni?"

Kí ni Gbémi fẹ́ ṣe? Ó gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í bá fóònù kẹ́dùn, wọ́n ń yà á ní fọ́tò, kó sì tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé Ìsẹ̀, ó ti dé Emùré. Gbémi ò sì rántí pa á. Fídíò ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní, ewé máńgòrò ló wà níbẹ̀, àti imú ewúrẹ́ kan tó wá wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Bàbá sọ ọ́ gbangba lọ́jọ́ kejì pé òun ò lè máa dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bí wọ́n bá fẹ́ kí òun kọ́ èèyàn, kí wọ́n wá èèyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti gba ìsinmi àárín sáà lọ láti ìrọ̀lẹ́ àná. Bàbá ní kí Gbémi má dààmú, kó gbé fóònù rẹ̀ wá sí ulé òun. Nígbà tó débẹ̀, ó bá ìyàwó bàbá, Màmá Àánú, àti aládùúgbò wọn, Bàbá Jẹ́jẹ́ olóko kòkó, tí wọ́n jókòó tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ ní pálọ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni, àdá rẹ̀ ṣì wà lórí itan.

Bàbá kí wọn, wọ́n dáhùn dáadáa, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé bí iná ṣe ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ tó ń yọ́ òkúta. Bàbá Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sókè, ó ní ta ló dá iná náà, ṣé ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀. Bàbá dá a lóhùn tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ó fẹ́ẹ̀ máa tẹ̀ síwájú ni Màmá Àánú béèrè bóyá uṣu ni wọ́n máa jẹ lálẹ́ tàbí ẹ̀bà. "Ẹ̀bà ni," ni bàbá wí, láìṣẹ́jú, "bí òkúta náà bá wá tutù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀..." Kó tó tutù tán, Bàbá Jẹ́jẹ́ ti sùn lọ, ó ń hanrun. Nígbà tí Gbémi gbé fídíò náà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí, olórí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àwọn fídíò wò, ọ̀gá náà tẹ́tí sí i dáadáa. Ó ní ìró ilẹ̀ tó ń mì tí wọ́n fi sí ìparí yẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bà kúrò.

Sáà ń lọ sópin, Gbémi ò sì rí fídíò kan ṣoṣo tó ṣeé gbé fún ìgbìmọ̀. Ó wá gbé bàbá lọ sí ibi tí Olósùnta ti hàn ketekete, bóyá àpáta ńlá yẹn á mú un lórí yá. Kí bàbá tó ṣe ohunkóhun, ó ṣí fìlà, ó kí òkè náà, ó sì dúró bó ṣe máa ń dúró.

Gbémi ò lè mú un mọ́ra. "Sà, Olósùnta ò dáhùn, ẹ ò sì lé e jáde."

"Ṣé ìwọ lo máa gbé e ni?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí bàbá fi jókòó sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá bi Gbémi ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni àwọn ọmọ náà máa rí òun. Gbémi ní wọ́n á rí bàbá. Ó ní bí òun bá kí wọn, ṣé wọ́n á gbọ́. Gbémi ní wọ́n á gbọ́, ṣùgbọ́n ó lè di oṣù mélòó kan kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

"Kò burú. Màá kí wọn, màá dúró dè wọ́n."

Báyìí ni bàbá ṣe ya gbogbo ẹ̀kọ́ àpáta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó kọ́ ọ débi pé inú Gbémi ń dùn lẹ́yìn fóònù. Àmọ́ bó bá ti kí wọn, á dákẹ́. Bó bá béèrè bóyá ó yé wọn, á dákẹ́, á tẹ́tí, á ní òun ò gbọ́, á tún dákẹ́. Ìgbìmọ̀ ní fídíò ti gùn jù, kí wọ́n gé gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yẹn dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò gbà á. Gbémi gé e. Ó gbé e lọ fún bàbá kó wò ó.

Bàbá wò ó tán, ó ní ta ni ọkùnrin yìí. Gbémi ní bàbá fúnra rẹ̀ ni.

"Èmi kọ́. Ọkùnrin yìí ń bi èèyàn ní ìbéèrè, kò dúró gbọ́ èsì. Mi ò hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí."

Inú bí Gbémi. Ó ti sá sókè sódò tó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kò sẹ́ni tó ń dáhùn, orí bẹ́ẹ̀dì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wà, bí àwọn ò bá sì gé e, ẹ̀kọ́ náà ti lọ nìyẹn. Bàbá ò bá a jà. Ohùn rẹ̀ tiẹ̀ rọlẹ̀.

"Nígbà tí o ti ìlú Ìsínbọ̀dé dé, ẹ̀yìn pátápátá lo máa ń jókòó sí. O ò sọ̀rọ̀. Mo ń bi ọ́ ní ìbéèrè, mo ń dúró, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Ká ní mo yára kọjá lọ ni, ṣé mo máa gbọ́ ohùn rẹ?"

Gbémi rántí ọjọ́ náà, bí gbogbo kíláàsì ṣe dákẹ́ tí bàbá ń wo òun, tí kò kánjú, títí ohùn fi jáde lẹ́nu òun. Ó padà sílé, ó dá gbogbo ìdákẹ́jẹ́ náà padà sáyè rẹ̀, ó gbé e fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí, ó ní bí wọ́n bá máa gé e, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa gé e. Ọ̀gá náà kùn títí. Nígbà tó yá, ó ní òun máa wá jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bí wọ́n bá wọlé. Bí wọ́n bá fi fídíò náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó parí.

Bàbá ò dúró rí i. Nínú ìsinmi tó tẹ̀lé sáà yẹn ni àìsàn ráńpẹ́ mú un lọ. Nígbà tí wọ́n ń múra òkú rẹ̀ sílẹ̀, Màmá Àánú ki òkúta kan bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó ní láìsí i, kóòtù náà ò ní jókòó sí i lára dáadáa. Àwọn tó ń sunkún rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún sunkún.

Ọjọ́ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, Gbémi kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí wà lẹ́yìn, ó ká apá mọ́ àyà. Fídíò bẹ̀rẹ̀, bàbá yọ lójú ògiri, Olósùnta lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o." Kò sẹ́ni tó fèsì. Àwọn mìíràn ń tẹ fóònù tiwọn. Bàbá tẹ́tí, ó ń wò wọ́n, kò kánjú. "Mi ò gbọ́." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ káàkiri, Gbémi sì rò ó pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bàbá ṣì ń dúró. Ẹ̀rín náà tán, gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.

Láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Glory, tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, fi ohùn kékeré kan wí pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Àwọn tó sún mọ́ ọn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá dìde, wọ́n kí bàbá débi pé ó dún dé ìta. Gbémi wo ẹ̀yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí ti dìde dúró, ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí bàbá ń kọ́ òun náà, ó sì ń kí i pẹ̀lú wọn.

Lójú ògiri, bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀hẹ́n. Mo ti gbọ́. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi."

Gbogbo wọn jókòó.