Jíìpù Tó Hó Lọ́nà Òkè

Máfòyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọ̀rọ̀ tó fi ọ̀dà funfun kọ sẹ́yìn jíìpù rẹ̀ nìyẹn, nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n tí ẹ̀rù kò tíì mọ ilé rẹ̀. Jíìpù náà ti gbó. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí àfi tí èèyàn bá fi èjìká bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó sì sọ ọ́ di ọba nìyẹn lójú ọ̀nà olókùúta tó gun òkè lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà náà ní kòtò kòtò. Ọkọ̀ mìíràn tó bá dé ìdí òkè, á wò ó sókè wò ó sódò, á sì yí padà. Aláboyún, olùkọ́, bẹ́ẹ̀dì, sìmẹ́ńtì, òkú, kò sí ohun tí Máfòyà kò tíì gbé gun òkè ọ̀hún.

Láti ìgbà tí kíndìnrín ìyàwó rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ìyàwó yìí ló wá di èrò tó ń gbé jù. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Àga tó wà nídìí ẹ̀rọ kò kárí àwọn aláìsàn. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹlòmíràn á ti jókòó sáyè rẹ̀. Ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n lọ gbẹ̀yìn ni fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn tutù sí rédíétọ̀ jíìpù kú, omi ẹ́ńjìnnì sì hó kí wọ́n tó dé ìdí òkè. Wọn kò lọ mọ́. Ojú obìnrin náà wú. Òrùka rẹ̀ há sọ́wọ́, kò ṣeé bọ́. Ìjókòó ló fi ń sùn, nítorí tó bá dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ kì í já gaara. Bó bá tún pàdánù tòní, Máfòyà mọ ohun tó ń bọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ létí òun.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni mẹkáníìkì tó ń tún jíìpù náà ṣe. Òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ti wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lábẹ́ òrùlé páànù kan tí òróró dúdú ti mu ilẹ̀ ibẹ̀ yó. Fáànù àlòkù tí Máfòyà rí lára jíìpù kan tí wọ́n ti tú palẹ̀ ni wọ́n gbé wá. Mẹkáníìkì tú èyí tó kú, ó gbé èyí tó dé sípò rẹ̀, gbogbo ihò bóòtù sì ṣe rẹ́gí. Ẹnu wáyà nìkan ló yàtọ̀. Ti fáànù kò bá ti jíìpù mu.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pèsì jẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mẹkáníìkì kì í fọwọ́ kan wáyà, rewáyà tó ń ṣe iṣẹ́ iná ọkọ̀ kì í sì í fọwọ́ kan sípánà. Ààlà tó wà láàárín wọn le ju ààlà ilẹ̀ ẹbí lọ. Rewáyà ti bá àwọn àna rẹ̀ lọ sí ìpàdé kan, ó sì ti pa fóònù.

"Ibi tí iṣẹ́ tèmi mọ nìyí, ẹ̀gbọ́n," ni mẹkáníìkì wí. "Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

Máfòyà kò bínú. Ó kàn mú un ní apá, ó yí i sí ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí lórí táyà àtijọ́, tó ń fi ẹnu mí.

"Wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣé ojú yẹn lo fẹ́ kó dúró de rewáyà?"

Mẹkáníìkì wò ó. Ó gé ẹnu wáyà náà. Wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀, òróró ti sọ méjèèjì di dúdú, a kò lè mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó so wọ́n bí wọ́n ṣe bá a lọ́wọ́, ó fi téèpù wé wọn. Nígbà tí wọ́n tanná sí i, fáànù bú sẹ́kún ariwo. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè mìíràn. Obìnrin náà ní ariwo rẹ̀ jọ ti ẹni tó rà á. Máfòyà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mẹkáníìkì ju àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn jíìpù, ó ní òun yóò bá wọn débẹ̀.

Wọn kò tíì gun òkè dé ìdajì tí abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sápá pupa. Máfòyà ń wò ó bí ẹni ń wo ejò. Ó dín eré kù, ó ń bẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ẹnu. Ibi àpáta tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà ni èéfín omi ti yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì di dandan kí wọ́n dúró.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, fáànù ń yí bí ìjì. Ohun tó já Máfòyà láyà jù nìyẹn. Ká ní ó ti kú ni, wọn ì bá rí nǹkan tún ṣe. Ìbínú ru bò ó lójú. Gbogbo ohun tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ yìí, orí àna rẹ̀ ló dà á lé. Ó pè é ní ayédèrú mẹkáníìkì, ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa. Mẹkáníìkì ń nu ọwọ́ tí kò ní ìdọ̀tí mọ́.

Ooru inú jíìpù ti lé obìnrin náà sọ̀kalẹ̀. Ó rọra di ara ọkọ̀ mú títí ó fi dé iwájú, ó sì fara ti bọ́ńpà.

"Ẹ ò bá kúkú jẹ́ kí n kú sínú mọ́tò," ó wí. "Iwájú ibí yìí tún ń fẹ́ ooru sí mi lẹ́sẹ̀."

Mẹkáníìkì gbórí sókè. Ó sáré wá, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú ọkọ̀, níbi tó yẹ kí atẹ́gùn máa wọlé. Atẹ́gùn gbígbóná ń ti ibẹ̀ jáde.

"Òdì ló ń yí," ó wí. "Ooru ló ń lé padà. Èmi ni mo so wáyà ẹ̀ lódì."

Máfòyà gbé ojú kúrò lára àna rẹ̀. Ta ló rọ̀ ọ́ pé kó so ó?

Mẹkáníìkì tú téèpù náà. Iṣẹ́ náà kò le: wáyà tibí lọ sọ́hùn-ún, tọ̀hún wá síbí. Omi ló kù. Wọ́n dúró kí rédíétọ̀ tutù, ìdúró tó ń jẹ èèyàn lẹ́ran. Omi kẹ́ẹ̀gì ẹ̀yìn jíìpù wọlé tán, kò sì kún. Obìnrin náà na ìgò kékeré kan sí wọn, omi tí dókítà fún un láàyè láti mu lóòjọ́. Kò tíì kan ẹnu rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là.

Máfòyà ní rárá.

"Ẹ fún jíìpù," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Òun á rí i lò. Tèmi, ẹsẹ̀ ló máa lọ dúró sí."

Wọ́n dà á sí i. Abẹ́rẹ́ náà kò kúrò láàárín títí wọ́n fi dé òkè.

Ẹlòmíràn ti wà lórí àga. Bàbá arúgbó kan ni, ojú rẹ̀ pa dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ nínú rọ́bà. Nọ́ọ̀sì ní òun pe fóònù wọn títí. Ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ obìnrin náà, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì kún padà. Máfòyà fẹ́ bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ yọ mí," ni bàbá náà wí láìlajú. "Ẹ fi ìyókù fún un."

Nọ́ọ̀sì ní àkókò rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ kò tíì pé, ìyà rẹ̀ yóò jẹ ẹ́ kí ọjọ́ mìíràn tó pé. Bàbá náà ní òun mọ̀. Ó ní orí àga obìnrin yìí náà ni òun jókòó sí lọ́jọ́ tí kò wá.

Wọ́n yọ ọ́, wọ́n nu ẹ̀rọ, wọ́n sì so obìnrin náà mọ́ ọn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Máfòyà bá bàbá náà tó ń fi ara ògiri rìn, ó di apá rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Bàbá náà dá a dúró.

"Má dúpẹ́, ọmọ mi. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ wa tó kàn. Ẹ tètè dé o. Mi ò ní lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i."

Máfòyà fẹ́ sọ pé àwọn yóò tètè dé. Ojú rẹ̀ lọ bá jíìpù tó wà níta, ó sì jáde lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.